Dókítà ní ọkàn mi ò ṣe nǹkan kan, ó ní kí n lọ rí psychologist. Ṣé orí mi ló ti ń dà rú ni?

Ọmọ_Òjé · ọjọ́ Àìkú, 9:14 alẹ́

Ẹ̀yin ará ilé yìí, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mi ò lè bá ará àdúgbò sọ, ni mo ṣe gbé e wá síbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ mí.

Ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì ni mí. Ọ̀ṣọ́ fóònù ni mò ń tà ní Ìbàdàn: case, ṣájà, gíláàsì ojú fóònù. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni mo máa ń lọ kó ọjà ní Ìdúmọ̀tà. Oṣù Kejì ni nǹkan yìí bẹ̀rẹ̀. A wà nínú bọ́ọ̀sì, sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ mú wa ní Kára, ká tó dé Berger. Ẹnikẹ́ni ò bá mi jà, mi ò ronú ohunkóhun. Àfi bí àyà mi ṣe déédéé bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì. Òógùn bò mí. Ọwọ́ mi méjèèjì ń ta mí bí ẹni pé èèrà ń rìn ín. Èémí ò kárí mọ́. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé ikú ló dé yìí, inú bọ́ọ̀sì ni mo máa kú sí, wọn ò sì ní mọ ẹni tí wọ́n máa pè. Mo ní kí dírẹ́bà ṣílẹ̀kùn, mo bọ́ọ́lẹ̀, mo jókòó sórí irin ẹ̀gbẹ́ títì, ní ìtòsí àwọn màlúù. Kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ, ó ti lọ bí ẹni pé kò wá rí.

Láti ìgbà yẹn ó ti ṣe mí lẹ́ẹ̀marùn-ún, ẹ̀ẹ̀kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí wọ́n ń gba ọrẹ. Mo lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan. Wọ́n lẹ waya mọ́ mi láyà, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n wo ìfúnpá. Dókítà ní kò sí ohun tó ṣe ọkàn mi. Ó kọ ìwé pélébé kan, ó ní kí n lọ rí psychologist. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí ìwé ọ̀hún ti wà nínú pọ́ọ̀sì mi.

Ìyá mi ní àwọn ará ọjà ló fi nǹkan ṣe mí. Wòlíì ní kí n wá gba ààwẹ̀ ọjọ́ méje. Ìyàwó mi ò sọ nǹkan kan, ó kàn ń wò mí. Ìbéèrè mi: kí ni àwọn èèyàn yìí ń ṣe gan-an? Ṣé oògùn tí á máa mú mi tòògbé nídìí ọjà ni wọ́n máa fún mi? Ṣé wọ́n á kọ orúkọ mi síbì kan pé wèrè ni mí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.


Ṣéńjì_Dà · 9:20 alẹ́

Yábàá Left, ẹnì kan ṣoṣo ló kù kó kún o! Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín!


Ìyá_Ìyanu · 9:26 alẹ́

Ìwọ Ṣéńjì_Dà, ìṣẹ́jú mẹ́fà péré lẹ́yìn tó ní ká má fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ọlọ́run á dá ẹ lóhùn.

Bùọ̀dá, ẹ má dá a lóhùn. Mo ń bọ̀ wá kọ tèmi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé ọbẹ̀ kúrò lórí iná.


Ọ̀rọ̀_Lẹyẹ · 10:02 alẹ́

Bùọ̀dá Ọmọ Òjé, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyí, ọdún kọkànlá mi rèé ní Èkó, ẹ jẹ́ kí n dáhùn bí ẹ ṣe bi í.

Èèyàn méjì ni àwọn ará wa máa ń dà pọ̀ mọ́ra wọn. Psychiatrist, dókítà ni. Ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn bíi ti dókítà tó ń gbẹ̀bí kó tó yà sí ti ọpọlọ. Òun ló lè kọ oògùn. Psychologist kì í kọ oògùn. Ohun tó kọ́ ni bí èrò ṣe ń ti ara, bí ara náà ṣe ń ti èrò, àti bí ìṣesí èèyàn ṣe ń dá àwọn méjèèjì dúró síbi tí wọ́n wà. Ọ̀rọ̀ ẹnu, bébà àti iṣẹ́ àṣetiléwá ni irinṣẹ́ wa. Bí a bá rí i pé oògùn á ṣèrànwọ́, a ó fi yín ránṣẹ́ sí dókítà; ọ̀pọ̀ ìgbà, kọ́ríndọ̀ kan náà ni yàrá wa wà.

Mi ò lè ti orí fóònù sọ ohun tó ń ṣe yín, ẹni tó bá rí yín lójúkojú ló máa sọ ọ́. Àmọ́ ohun tẹ́ ẹ kọ yẹn, irú rẹ̀ ń wọlé sọ́dọ̀ wa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ti gba ọ̀dọ̀ dókítà ọkàn kọjá, àwọn míì lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ wò ó báyìí. Bí ejò bá yọ sí yín lóko, kẹ́ ẹ tó ronú rárá, ara á ti dá a mọ̀: ọkàn á sáré kí ẹ̀jẹ̀ lè dé ẹsẹ̀, èémí á yára, òógùn á bo ara kó lè tutù. Gbogbo ẹ̀, kẹ́ ẹ lè sá ni. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, ara á ṣe gbogbo èyí nígbà tí ejò ò sí níbẹ̀. Ẹni tó ni ín á wá gbọ́ bí àyà rẹ̀ ṣe ń lù, á ní "ọkàn mi fẹ́ dúró." Èrò yẹn fúnra rẹ̀ ló wá di ejò. Ara á tún sáré sí i, èrò á tún le sí i. Ọwọ́ tó ń ta yín bí èèrà yẹn, èémí tó yára jù ló ń fà á. Ẹ ń tú afẹ́fẹ́ síta ju bí ara ṣe fẹ́ lọ.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìbéèrè ló máa pọ̀ jù. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Kí ló ṣẹlẹ̀ láyìíká ìgbà yẹn? Kí lẹ ti pa tì, tẹ́ ẹ ò ṣe mọ́, nítorí rẹ̀? Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ni mo máa ń tẹ́tí sí jù. Kò sí àga gbọọrọ tí wọ́n ń dùbúlẹ̀ sí bíi ti sinimá. Àga oníke méjì ló wà ní yàrá tèmi, àti fáànù kan tó ń han bí ẹlẹ́dẹ̀.

Ohun tẹ́ ẹ bá sọ, àárín wa ló ń gbé, àyàfi tí ẹ̀mí yín tàbí ti ẹlòmíì bá wà nínú ewu.


Bàbá_Kékeré_Ọ̀ṣogbo · ọjọ́ Ajé, 6:48 àárọ̀

Ẹ má bínú sí mi o. Owó la ó máa san ká tó rí ẹni bá sọ̀rọ̀? Bí nǹkan bá ń jẹ èèyàn lọ́kàn láyé ọjọ́un, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ń bẹ, ìyá àgbà ń bẹ, wọ́n á pè é sẹ́yìnkùlé. Òyìnbó tí ò mọ aládùúgbò rẹ̀ ló dá òwò yìí sílẹ̀, kì í ṣe àwa.


Mètírọ̀n_Abẹ́òkúta · ọjọ́ Ajé, 11:30 àárọ̀

Ọmọ mi Bàbá Kékeré, ẹ kú ọ̀rọ̀. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, Arò, ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Abẹ́òkúta, ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan fún yín.

Ọmọ Abẹ́òkúta ni Adéoyè Lámbò. Ó lọ kàwé dókítà ní Bámínghámù, ó padà wálé. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní Arò ní 1954, ilé ìwòsàn náà ò tíì parí. Ṣé ẹ mọ ohun tó ṣe? Ó bá àwọn ará abúlé ìtòsí sọ̀rọ̀, wọ́n fi ilé wọn gba aláìsàn. Mọ̀lẹ́bí kan gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé aláìsàn wá, ìyá ni o, ẹ̀gbọ́n ni o, ẹni tó máa dáná fún un. Láàárọ̀ wọ́n á wá gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Tó bá ṣe, wọ́n á padà sáàárín èèyàn, wọ́n á ṣiṣẹ́ oko, wọ́n á jó bí eré bá wà. Ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ náà wá bá a ṣiṣẹ́. Àwọn òyìnbó ló wá ń rìnrìn-àjò wá wò ó. Nígbẹ̀yìn ó di igbákejì ọ̀gá àgbà ní Àjọ Ìlera Àgbáyé ní Geneva. Èmi ò bá a níbẹ̀, àmọ́ àwọn tó kọ́ mi níṣẹ́ bá a, wọn kì í yé sọ ọ́.

Torí náà ẹ má sọ pé ti òyìnbó nìkan ni. Èèyàn wa ló jókòó tó ro ó pé mọ̀lẹ́bí gbọ́dọ̀ wà nínú ìtọ́jú.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ bi yín ní tòótọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá yín ti òde òní, tẹ́ ẹ bá sọ fún un lónìí pé àyà yín ń já, ta ni kò ní gbọ́ kílẹ̀ tó ṣú? Ó tún lè jẹ́ òun gan-an lẹ ń tìtorí rẹ̀ ronú, torí ilẹ̀ bàbá yín tó tà. Ẹni tí ò ní ìpín nínú ogún yín dáa láti bá sọ̀rọ̀ nígbà míì.

Ọmọ_Òjé, ní ti orúkọ tí ẹ ní wọ́n á kọ sílẹ̀: fáìlì ni wọ́n á dá fún yín, bíi fáìlì ibà. Òfin àtijọ́ tí wọ́n ń lò lórí ọ̀rọ̀ ọpọlọ, ti 1958, òfin wèrè ni wọ́n ń pè é láìfi bò. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kínní ọdún 2023 ló gba ipò rẹ̀, ó sì sọ ọ́ kedere pé ẹni tó ń gba ìtọ́jú ní ẹ̀tọ́ bíi gbogbo èèyàn.


Bàbá_Kékeré_Ọ̀ṣogbo · 11:52 àárọ̀

Ìyá, ẹ ṣé. Ta ló sọ fún yín nípa ilẹ̀ bàbá mi?


Ìyá_Ìyanu · ọjọ́ Ajé, 8:15 alẹ́

Mo ṣèlérí, mo dé. Aṣọ ni mò ń tà ní Gbági. Ìyá mi kú lọ́dún kejì sẹ́yìn. A sin wọ́n tán, a jẹ, a mu, kálukú lọ sílé. Èmi ò lè dìde. Oṣù mẹ́rin ni ṣọ́ọ̀bù mi fi wà ní títì. Bí ọmọ mi bá wẹ̀ mí ni mo wẹ̀ yẹn. Gbogbo èèyàn ń sọ pé "ẹ ṣọkàn akin," mo sì ń dáhùn pé "àmín."

Àbúrò mi ló fà mí lọ. Ọmọbìnrin kékeré kan ni psychologist ọ̀hún, kò lè ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Inú mi ò dùn, mo ní kí ni ọmọ yìí mọ̀ nípa ikú ìyá. Ó fún mi ní bébà tí wọ́n fa ìlà sí, wákàtí kan ìlà kan, láti ìdájí dé alẹ́. Ó ní kí n kọ ohun tí mo ń ṣe sínú rẹ̀ fún ọjọ́ méje, kí n sì fún inú mi ní máàkì, òdo dé mẹ́wàá.

Òdo, òdo, ẹyọ kan, òdo. Bó ṣe lọ nìyẹn. Nígbà tá a jọ wò ó, ó fi bírò sí ibì kan ṣoṣo, ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, mẹ́rin. Ó ní, "Kí lẹ ń ṣe níbí, mà?" Mo ní mo bá ọmọ aládùúgbò bó ẹ̀gúsí, torí ó ń ṣe é bí ẹni tí ò ní ìyá. Ó ní kí n máa bó ẹ̀gúsí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Inú bí mi! Mo san owó, mo wọ ọkọ̀, ẹ̀gúsí ni wọ́n ní kí n lọ bó. Mo sọ fún un pé kò tiẹ̀ wù mí ṣe. Ó ní: "Ẹ má dúró de kó wù yín, mà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ná, ìfẹ́ rẹ̀ á bá yín lẹ́nu ẹ̀."

Lẹ́yìn ẹ̀gúsí, ó ní kí n máa wẹ̀ kí aago mẹ́jọ tó lù. Lẹ́yìn náà, kí n lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù fún wákàtí kan péré, kí n má tà, kí n kàn gbá a. Mo gbá a. Oníbàárà kan yọjú, ó ní "Ìyá Ìyanu, ẹ ti dé?" Mo jókòó sórí ìdì aṣọ, mo sunkún gidi, ẹkún tí mi ò sun níbi ìsìnkú. A tún lo bí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá sí i. Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ìyá mi dáadáa, títí kan ìjà tá a jà kí wọ́n tó kú, èyí tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí.

Àtìgbà yẹn ni mi ò ti lè rí ẹ̀gúsí kí n má rẹ́rìn-ín.


Adé_Peckham · ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:40 òru

Lọ́dọ̀ wa ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀fẹ́ ni. NHS Talking Therapies, ti ètò ìlera ìjọba, ni wọ́n ń pè é, èèyàn lè forúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìkọ́kọ́ rí dókítà. Wọ́n pè mí lórí fóònù. Ìbéèrè mẹ́sàn-án wà lórí ìrẹ̀wẹ̀sì, méje lórí àìbalẹ̀ ọkàn, gbogbo rẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá; wàá mú òdo, ẹyọ kan, méjì tàbí mẹ́ta. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá pàdé ni wọ́n tún máa bi yín, kí wọ́n lè rí i bóyá ó ń lọ sílẹ̀.

Ìbéèrè kan nínú rẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ṣé mo máa ń rò pé mo ti já ẹbí mi kulẹ̀. Mo ní, mà, Yorùbá ni mí, ìparí oṣù ni. Ó ní kí ló túmọ̀ sí. A fi odindi ogún ìṣẹ́jú sọ̀rọ̀ owó tí mo ń fi ránṣẹ́ sílé, iye tó kù fún mi, àti bí mi ò ṣe lè gbé fóònù tí mo bá ti rí orúkọ ẹ̀gbọ́n mi. Ìyẹn gan-an ló wá di iṣẹ́ tá a ṣe: mo kọ ohun tí mo fẹ́ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀, òun ṣe bí ẹ̀gbọ́n mi, mo sọ ọ́ fún un. Òyìnbó tó ń ṣe bí ẹ̀gbọ́n mi láti Ìjẹ̀bú! Ó kùnà pátápátá. Àmọ́ ó ràn mí lọ́wọ́.

Ẹjọ́ tí mo ní: ìbéèrè míì ní ṣé ó máa ń rẹ̀ mí. Iṣẹ́ méjì ni mò ń ṣe, alẹ́ àti ọ̀sán. Ẹni tí ò bá bi yín nípa iṣẹ́ méjì yẹn, á kàn kọ mẹ́ta sílẹ̀ pé àìsàn ni. Ti èmi béèrè. Ti ọ̀rẹ́ mi ò béèrè.


Olójú_Kòkòrò · ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:57 òru

Ẹ wo aago tí mò ń kọ èyí, ẹ óò mọ ìṣòro tèmi. Mo ń ṣe ìṣirò owó fún iléeṣẹ́ kan ní Àkúrẹ́. Bí mo bá ti fi orí lélẹ̀, ọpọlọ á bẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀: owó ilé, owó ìwé ọmọ, ohun tí ọ̀gá sọ ní ọdún 2019. Ṣé àwọn psychologist ní tiwa náà?


Ọ̀rọ̀_Lẹyẹ · 7:05 àárọ̀

A ní i. Ó sì wà lára ohun tó ń tètè gbọ́ ìtọ́jú. Kì í ṣe pé a ó ní kẹ́ ẹ má ronú, torí ẹni tí wọ́n bá ní kó má ronú ọ̀bọ, ọ̀bọ ló máa rí. A máa ń dá àsìkò fún ìrònú. Ká ní aago márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, ogún ìṣẹ́jú, lórí àga, pẹ̀lú ìwé. Gbogbo ohun tó ń jẹ yín lọ́kàn, ẹ kọ ọ́. Èyí tí ẹ lè ṣe nǹkan sí lọ́la, ẹ kọ ìgbésẹ̀ kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èyí tí ẹ ò lè ṣe nǹkan sí, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá wá yọjú ní aago méjì òru, ẹ ní "àsìkò tìẹ ni aago márùn-ún ààbọ̀." Ó ń dún bí ọ̀rọ̀ ọmọdé, ẹ gbìyànjú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ní ti bẹ́ẹ̀dì: oorun nìkan ni kẹ́ ẹ máa bá a ṣe. Bí oorun ò bá wá láàárín nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, ẹ dìde, ẹ lọ jókòó síbòmíì tí iná ò ti mọ́lẹ̀ jù, ẹ padà nígbà tí ojú bá ń kún. Aago kan náà ni kẹ́ ẹ máa jí, àní lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ẹ má sùn lọ́sàn-án. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ á le, mi ò ní tàn yín. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń sá.


Olójú_Kòkòrò · 7:11 àárọ̀

Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ńkọ́?


Ọ̀rọ̀_Lẹyẹ · 7:13 àárọ̀

Ìyẹn kọjá agbára mi.


Tèmi_Yàtọ̀ · ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:22 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jẹ́ kí n da omi díẹ̀ sí i. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo lọ bá, mo sọ fún un pé mo fẹ́ kọ ọkọ mi sílẹ̀ torí ó ń lù mí. Ìwàásù ló fi dá mi lóhùn fún odindi wákàtí. Ó ní obìnrin rere ló ń kọ́lé. Mo san owó fún ìyẹn o! Ó pé oṣù mẹ́fà kí n tó tún gbójú lé ẹlòmíì. Ti ẹnì kejì dáa, ohun àkọ́kọ́ tó béèrè ni bóyá mo níbi tí mo lè sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pe ara wọn ní "therapist" lórí Instagram, kọ́ọ̀sì ọjọ́ méjì ni wọ́n ṣe. Ẹ bi wọ́n léèrè.


Ọ̀rọ̀_Lẹyẹ · 5:40 ìrọ̀lẹ́

Ọ̀rọ̀ yín kò ní àbùkù kankan, mo sì bá yín kẹ́dùn. Ẹ bi wọ́n: ibo lẹ ti kàwé, ìwé ẹ̀rí wo lẹ gbà, ilé ìwòsàn wo lẹ ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹni tó jù yín lọ? Clinical psychologist ní ilẹ̀ wa máa ń gba oyè kejì ní yunifásítì lẹ́yìn ti àkọ́kọ́. Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú sí ìbéèrè yìí. Ẹ sì lè pààrọ̀ wa bí ẹ ṣe ń pààrọ̀ télọ̀.


Aláìlórúkọ_7 · ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11:08 alẹ́

Mo ti ń ka èyí láti àná. Èmi ò ní àyà jíjá. Mo kàn ń rò ó pé ó máa rọrùn fún gbogbo èèyàn bí mi ò bá sí.


Ìyá_Ìyanu · 11:10 alẹ́

Ọmọ mi, níbo lo wà? Ṣé ìwọ nìkan ló wà nílé?


Ọ̀rọ̀_Lẹyẹ · 11:12 alẹ́

Ẹ ṣé tí ẹ kọ ọ́. Mo fẹ́ béèrè láìfi bò: ṣé ẹ ti ń ronú bí ẹ ó ṣe pa ara yín? Bíbéèrè kì í fi èrò yẹn síni lọ́kàn, ó máa ń sọ ẹrù kalẹ̀ ni. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má dá wà lálẹ́ yìí. Ẹ pe ẹnì kan nísinsìnyí, ẹ sọ fún un bí ẹ ṣe sọ fún wa, ẹ má fi nǹkan kan pamọ́. Bí oògùn kòkòrò tàbí ohunkóhun tó lè ṣe yín léṣe bá wà nítòsí, ẹ jẹ́ kí ẹni yẹn gbé e kúrò nílé. Bó bá ń le sí i, ẹ jẹ́ kó sin yín lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín. Mo ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí àpótí yín. Mi ò tíì fẹ́ sùn.


Aláìlórúkọ_7 · ọjọ́ Ọjọ́rú, 1:31 òru

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti wà lọ́dọ̀ mi. Ọ̀kadà ló gbé e wá. Ó ní òun ò ní lọ. A máa lọ sí ilé ìwòsàn láàárọ̀.


Ṣéńjì_Dà · 1:40 òru

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa jẹ́ ká gbúròó yín. Ọmọ_Òjé, ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ mi ọjọ́ Àìkú.


Ọmọ_Òjé · ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, 8:30 alẹ́

Mo ti lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, ó bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀ láyìíká ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Mo ní kò sí. Ó dákẹ́. Fáànù tiẹ̀ náà ń pariwo, bí Ọ̀rọ̀_Lẹyẹ ṣe sọ. Ẹnu mi kàn sọ ọ́: ní oṣù Kínní, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé tèmi ṣubú lulẹ̀ níbi tó ti ń ka owó. Èmi ni mo gbé orí rẹ̀ sórí ẹsẹ̀ mi. Kò dé ilé ìwòsàn. Ọjọ́ orí kan náà la jẹ́. Mo ti sọ ìtàn yẹn fún oníbàárà bí ogún, mi ò fìgbà kan so ó mọ́ ara mi.

Ọjọ́ kejì, ìwé ló fún mi, kí n máa kọ ọ́ sílẹ̀ bó bá tún ṣe mí: ibo, aago wo, kí ni mo rò pé ó fẹ́ ṣẹlẹ̀, kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an. Ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn, ohun kan náà ni mò ń kọ síbẹ̀: "Mi ò kú."

Ọjọ́ kẹta ni mo fẹ́ sá. Ó fún mi ní sítírọ́ọ̀ tí wọ́n fi ń fa míníràà, ó ní kí n di imú mi, kí n máa ti ibẹ̀ mí fún ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ní kí n dìde, kí n máa pòòyì lójú kan. Lẹ́yìn náà, kí n máa mí hẹlẹhẹlẹ bí ajá. Mo ní, "Mà, ẹ fẹ́ kó ṣe mí níbí?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun fẹ́ kó ṣe mí níbí, kí n lè rí i bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ àti bó ṣe ń parí. Kó tó bẹ̀rẹ̀, ó bi mí pé nínú ọgọ́rùn-ún, mélòó ni mo fi gbà pé ọkàn mi máa dúró. Mo ní ọgọ́rin. Àyà mi lù, ọwọ́ ta mí, ojú mi yí. Ó jókòó, ó ń wo aago, kò tiẹ̀ dìde. Ìgbà tá a ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta, mo ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.


Mètírọ̀n_Abẹ́òkúta · 8:55 alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́, ọmọ mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń kà, ẹ má lọ máa pòòyì nílé láìjẹ́ pé dókítà ti kọ́kọ́ wo ọkàn yín bíi tiẹ̀ o.


Ọmọ_Òjé · oṣù méjì lẹ́yìn náà, ọjọ́ Ẹtì, 7:12 alẹ́

Àwọn tó ń béèrè mi nínú àpótí, mo wà.

A jọ to ìrìnàjò náà sílẹ̀ bí àtẹ̀gùn: láti Òjòó sí Ìwó Road nínú bọ́ọ̀sì, lẹ́yìn náà Toll-gate, lẹ́yìn náà Ṣágámù kí n sì padà, Kára ló kẹ́yìn. Mi ò gbọ́dọ̀ kúrò lórí ọ̀kan títí tó fi máa sú mi. Ọ̀rọ̀ tó lò nìyẹn, kó sú mi.

Ohun tí mi ò retí ni pé ó bi mí ní gbogbo ohun tí mò ń ṣe kó má bàa ṣe mí. Mo kà á: ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà ni mò ń jókòó, omi tútù gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ mi, mò ń wo ìlùkìkì ọwọ́ mi, mò ń pe ìyàwó mi ní gbogbo ìbùdókọ̀. Ó ní àwọn yìí ló ń sọ fún ara mi pé ejò wà níbẹ̀. Ká máa yọ wọ́n kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo bi í nípa àdúrà. Ó ní kí n gbàdúrà mi bí mo ṣe máa ń gbà á tẹ́lẹ̀, kì í ṣe àyà mi ni kí n máa gbà á sí. Ìyá mi gbọ́ ìyẹn, ó ní ọmọ gidi ni.

Lánàá, mo lọ sí Ìdúmọ̀tà. Àga àárín ni mo jókòó sí, ìyá kan tó gbé adìyẹ wà lápá ọ̀tún mi, ọmọkùnrin kan tó ń sùn lé mi léjìká wà lápá òsì. Ẹ gbà mí gbọ́, Kára dì wá mú fún wákàtí kan àti díẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Mo ní, "O ti dé." Mi ò mu omi, mi ò pe ìyàwó mi. Mo ń ka iye màlúù tí mo lè rí láti ojú fèrèsé, mo dé mẹ́tàdínlógójì, adìyẹ yẹn wá yàgbẹ́ sí mi lẹ́sẹ̀. Nígbà tá a máa fi jà á tán, èmi àti ìyá yẹn, mi ò rántí àyà mi mọ́.

Kò tíì lọ pátápátá. Ó kù ìpàdé méjì. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ mo tún ń lọ sí Èkó. Ẹni tó bá mọ ibòmíì tí case fóònù ti dínwó ju Ìdúmọ̀tà lọ, kó sọ fún mi. Kì í ṣe torí Kára o, owó ọkọ̀ ló ti wọ́n jù.


Aláìlórúkọ_7 · 7:40 alẹ́

Ẹ wo Aléṣinlọ́yẹ́ ná, kẹ́ ẹ tó wọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń ta nǹkan níbẹ̀. Á bá yín ná an.